Abẹ Onígbàjámọ̀ Lọ́rùn Afẹ́fẹ́

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ta ló lè di afẹ́fẹ́ mú? Báńkì mẹ́sàn-án ló ti jà lólè. Ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì ló ti sá kúrò, ó sì ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ nínú ìkẹta.

Kì í pariwo bó bá wọ báńkì. Ohùn rẹ̀ a máa tutù bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí àwọn ènìyàn bá ti dojú bolẹ̀ níwájú ìbọn rẹ̀, a ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Kò ní pẹ́." Lójú tirẹ̀, olè tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ kì í ṣe olè pátápátá.

Ohun kan ṣoṣo ló ní láyé tí kò jí: ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀, aránṣọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, obìnrin náà fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ó ń wọn aṣọ, ó sì fi ojú rẹ́rìn-ín sí i nítorí ẹnu rẹ̀ kò ráyè. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí wọ́n ti Afẹ́fẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ aránṣọ yìí ni ọkàn rẹ̀ ń sùn.

Lọ́dún kẹrin tó ti wà lẹ́wọ̀n, wọ́n mú ẹlẹ́wọ̀n tuntun kan wá láti àdúgbò rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o," ni ẹni náà wí. "Àmọ́ wọ́n ní ọkùnrin kan máa ń wọ ilé ìyàwó yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní kì í tètè jáde."

"Ta ni?"

"Mi ò rí i lójú. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

Afẹ́fẹ́ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Owú ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ń fún un ṣe lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó kàn lọ sílé ọ̀gá kan, ó kó sínú rẹ̀, ó sì pa á dé. Wọ́dà mẹ́rin ló gbé e gba ẹnubodè kọjá. Wọ́n ń kùn pé igi ayé ìsinsìnyí ti wúwo jù.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Afẹ́fẹ́ dé òpópónà ìyàwó rẹ̀. Ọ̀bẹ tuntun kan wà nínú báàgì rẹ̀, ó fi bébà wé e. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan kọjú sí ilé náà gan-an. Ó rò ó pé níbẹ̀ ni òun yóò ti fá irùngbọ̀n tí gbogbo ayé fi mọ òun, tí òun yóò sì máa ṣọ́ ilẹ̀kùn ìyàwó òun títí ọkùnrin náà yóò fi dé. Ó pinnu pé ọkùnrin náà kò ní padà sílé.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó," ni onígbàjámọ̀ wí. Ewú ti gba orí rẹ̀. Orí àga gíga onítáyà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń ti ara rẹ̀ yí oníbàárà ká, torí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í tẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n náà sókè sódò. "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí n má lọ gé ẹyẹ tó ń sàba nínú ẹ̀."

Afẹ́fẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gé gbogbo ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ fi ọṣẹ kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pọ́n abẹ lára awọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Nínú dígí, Afẹ́fẹ́ ń wo ilẹ̀kùn òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kọ́, ó fi ọwọ́ tẹ́ apá aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó sì wọlé padà. Ara Afẹ́fẹ́ gbọ̀n rìrì. Abẹ gé e lọ́rùn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ má bínú," ni onígbàjámọ̀ wí. Jìnnìjìnnì bá a.

Ohun tó ti mọ́ Afẹ́fẹ́ lẹ́nu ló yọ jáde, pẹ̀lú ohùn tútù yẹn: "Ẹ má bẹ̀rù."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ dúró. Abẹ ṣì wà lọ́rùn Afẹ́fẹ́.

"'Kò ní pẹ́,'" ni onígbàjámọ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe parí ẹ̀ nígbà yẹn. Èmi ni ẹ̀ṣọ́ ọ̀kan nínú àwọn báńkì tí ẹ jà lólè. Mo dojú bolẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, ẹ sì tún yìnbọn fún mi lẹ́sẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé, ọ̀gá. Ẹ mà ní kò ní pẹ́."

Báàgì Afẹ́fẹ́ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òun ni kò gbọdọ̀ mira.

Onígbàjámọ̀ mú tówẹ̀lì, ó nu ẹ̀jẹ̀ náà. "Aránṣọ tó jáde yẹn ló wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sibítù. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì fún ọkọ òun. Mo lé e. Ó padà wá, mo tún lé e. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, mo bi í pé ta ló fún un ní irú ọkàn yìí. Ó ní Jésù ni. Ó dé tòun ti ṣòkòtò tó rán, ó ti fẹ ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ kó lè gba báńdéèjì mi. Ṣòkòtò yẹn ló fọ́ agídí mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ síbẹ̀. Èmi, òun àti ìyá ẹ̀ tí kò ríran mọ́, la jọ ń gbàdúrà. Orúkọ yín la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Afẹ́fẹ́ fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà síwájú. Ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́. "Ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rà á fún."

Onígbàjámọ̀ wo báàgì náà, ó sì wo abẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi náà ti fi abẹ yìí pa yín lọ́kàn mi láìmọye ìgbà," ló wí. "Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí Jésù ta sílẹ̀ lórí àgbélébùú ti tó fún èmi àti ẹ̀yin. Mi ò ní fi tiyín kún un."

Afẹ́fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sáàárín irun tí wọ́n ti gé, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. "Kò sí ilẹ̀kùn tí mi ò lè ṣí," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa jáde nínú ara mi. Jésù, olè ni mí. Ọkùnrin yìí ti dojú bolẹ̀ kí n tó yìnbọn fún un. Ṣàánú mi." Ó sunkún títí tí kò fi ní omijé mọ́.

Nígbà tó dìde, onígbàjámọ̀ ní, "Ẹ jókòó, ká gé èyí tó kù."

"Ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n lè dá mi mọ̀ níbi tí mò ń lọ."

Ó sọdá títì, ó kan ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló máa ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan apá tí wọ́n ti fá ní ojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kan ilẹ̀kùn," ló wí.

"Mo kàn án."

"Ṣé ẹ máa dúró?"

"Rárá. Mò ń padà lọ. Mo ti di ti Jésù, ìfẹ́ mi, mi ò lè máa sá mọ́."

Obìnrin náà fi ojú pamọ́ sí àyà ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mú ìborùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n sìn yín."

Onígbàjámọ̀ mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó pàdé wọn ní títì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rìn lọ, wọ́n ń rọra tẹ̀lé ìrìn ọ̀pá rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì bi wọ́n pé ta ni wọ́n wá fẹjọ́ sùn. "Èmi fúnra mi," ni Afẹ́fẹ́ dáhùn. Ọlọ́pàá náà wo àwòrán Afẹ́fẹ́ onírùngbọ̀n tó wà lára ògiri, ó fi ọwọ́ bo ìdajì rẹ̀, àga sì ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn kò dín ẹ̀wọ̀n Afẹ́fẹ́ kù, ńṣe ni wọ́n fi kún un. Ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ ṣì ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ìka ni tọkọtaya náà fi ń kan ara wọn láàárín wáyà. Afẹ́fẹ́ ṣì ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn wọ́dà sì ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbé e. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò wá ibi tí yóò gbà sá mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o lè má ja báńkì rí. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú báàgì rẹ? Ta lo mú dojú bolẹ̀ tó ṣì ń jẹ̀rora títí dòní? O ń sọ fún ọkàn rẹ pé, "Má bẹ̀rù, kò ní pẹ́, n ó yí padà." Ọdún mélòó rèé tó o ti ń sọ ọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa fi orúkọ rẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà lónìí, kó sì jẹ́ ẹni tó o ṣẹ̀ jù lọ. Jésù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mọ ohun tó o ṣe, ó sì ń retí rẹ. Má gba ojú fèrèsé. Má dúró kó o kọ́kọ́ fá irùngbọ̀n rẹ tán. Bó o ṣe wà yìí, kan ilẹ̀kùn.