Ẹni Tó Jókòó Sídìí Sítíárìn

"Tún un sọ," ni Bàbá Ríwáyà wí láti abẹ́ ọkọ̀ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta.

"Ibi tó wà, eré tó ń sá, ibi tó dojú kọ," ni ọmọbìnrin tó jókòó sórí táyà dáhùn. Láti ọdún kan ààbọ̀ tó ti ń kọ́ṣẹ́, ó ti sọ ọ́ títí ó fi sú u.

"Ta la máa ń kà á sí létí kí á tó fọwọ́ kan fóònù?"

"Ẹni tó bá wà nítòsí."

"Tí kò bá sí ẹnì kankan ńkọ́?"

"A ó kà á sí ògiri létí."

"O ṣeun. Ògiri náà á tún gbọ́ ọ ju àwọn oníbàárà mi kan lọ." Bàbá Ríwáyà rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀, ó sì yọ orí síta pẹ̀lú epo dúdú ní iwájú orí. Wáyà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí pé wáyà kì í wọ́n lápò aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì wà ní kíláàsì àṣejáde. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ Bàbá Ríwáyà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ló ń gbà lọ. Baba yìí ló ń tún iná ọkọ̀ ṣe, òun náà ló sì ń fi tíráákà pamọ́ sínú ọkọ̀ àwọn èèyàn. Tíráákà náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Inú rẹ̀ ni síìmù kékeré kan wà tó ń sọ fún fóònù ṣọ́ọ̀bù ibi tí ọkọ̀ bá wà. Tí olè bá gbé ọkọ̀ náà, wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti orí àga.

Oríṣi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ máa ń ní sùúrù: ó ń dúró kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dúró, lẹ́yìn náà kò ní jẹ́ kó ṣíná mọ́. Ìkejì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ ló ń pa ẹ́ńjìnnì, ìbáà jẹ́ orí eré. Nígbà náà sítíárìn á le bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, bíréèkì náà á sì wúwo lẹ́sẹ̀. Bàbá Ríwáyà nìkan ló láṣẹ láti fi ìkejì ránṣẹ́, kò sì fi í ránṣẹ́ rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n jí bọ́ọ̀sì funfun tí ìyá Wáyà fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Ìyá náà ti já ọmọ tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ti ilẹ̀kùn. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan ti jókòó sídìí sítíárìn. Ìyá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ọkùnrin náà tẹná. Ó wọ́ ọ lórí ọ̀dà títí dé oríta kí ọwọ́ rẹ̀ tó já. Eegun ìbàdí rẹ̀ fọ́.

Ní báyìí Wáyà ló ń wẹ̀ fún un láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ bí omi bá ti kàn án lára.

"Ó wò mí nínú dígí, Wáyà. Ó ń wọ́ mi lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn. Ó ń bá a jẹun, ó ń bá a wọ ọkọ̀, ó sì bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Níbi ìdánwò físíìsì, wọ́n béèrè bí ọkọ̀ kan tó ń sáré yóò ti rìn jìnnà tó kó tó dúró. Wáyà fi olè náà sínú ọkọ̀, ó fi ògiri síwájú rẹ̀, ó sì ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì torí pé ó dùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n tíráákà ọkọ̀ ìyá rẹ̀ ti dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Ó hàn gbẹ̀yìn lẹ́yìn afárá, lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Ríwáyà ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé onírin kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Àwọn ọlọ́pàá lọ wá a lọ́hùn-ún, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo.

"Jẹ́ kí n lọ gbé bátìrì oníṣọ́ọ̀bù òkè yẹn fún un," ni Bàbá Ríwáyà wí, ó ń nu ọwọ́. "Máa ṣọ́ fóònù. Má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ yẹn tún jẹ ìwé rìsíìtì mi."

Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tó jáde tí fóònù orí tábìlì fi dún. Wáyà gbé e. Àmì pupa kékeré ti yọ lójú máàpù, ó ń rìn. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gbàgàdà.

Ó fi fóònù tirẹ̀ pe Bàbá Ríwáyà.

"Bàbá! Ó ti jí! Tíráákà ọkọ̀ Màmá ti jí!"

"Níbo?"

"Márosẹ̀, lẹ́bàá afárá."

"Eré?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa á!"

"O ò gbọdọ̀! Fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kó dúró fúnra rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń sáré lọ yìí. Wáyà, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tán, ó ku kó fi ránṣẹ́. Nígbà náà ló ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: olè náà á rọra páàkì síbi tó wù ú, á bọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ sápò, á rìn lọ. Kò ní ha lára. Kò ní já bọ́. Ìyá tirẹ̀ sì wà nílé tí kò lè dá yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Wáyà pa ohun tó tẹ̀ rẹ́. Ó tẹ ìkejì. Ó gbójú sókè wo ògiri.

"Kó rẹ́rìn-ín báyìí ná," ló wí. Ohun kan ṣoṣo tó kà sí ògiri létí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó fi í ránṣẹ́.

Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mọ́kànléláàádọ́rin. Méjìdínlógójì. Lẹ́yìn náà òdo, lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáyà fò sókè. Ó pàtẹ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà tó jókòó lé. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "O ti rí i!" ló ń wí. "O ti rí ẹni tí o wọ́ nílẹ̀!"

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni Bàbá Ríwáyà wà nígbà tó pè padà. Ariwo àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Wáyà. Èwo lo fi ránṣẹ́?"

Ọmọ náà jókòó padà sórí táyà.

"Ibo ni ọkọ̀ náà dojú kọ kí o tó pa á?"

Ó wo máàpù. Ọfà kékeré tó wà lára àmì pupa náà ṣì ń tọ́ka síbi tó ti ń tọ́ka láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì wò ó rárá.

"Ọ̀dọ̀ wa," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ń bọ̀ wá sínú ìlú."

"Olè wo," ni Bàbá Ríwáyà béèrè, "olè wo lo rí tó ń gbé ọkọ̀ tó jí padà wá fún ẹni tó ni ín?"

Kì í ṣe olè ló wà nínú ọkọ̀ náà. Páńẹ́lì bítà kan ni, ọkùnrin tó ń na ara ọkọ̀ tó sì ń kùn ún lọ́dà lẹ́yìn afárá. Ẹnì kan ló gbé bọ́ọ̀sì náà wá sí abẹ́ òrùlé onírin rẹ̀, tó ní kó kùn ún ní dúdú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló tú àga ẹ̀yìn, tó sì rí ìwé ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ méjì lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé. Ó ti gbọ́ nípa obìnrin tí wọ́n wọ́ nílẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń gbé ọkọ̀ náà lọ fún ọlọ́pàá kí ẹni tó gbé e wá tó dé. Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn.

Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Ó yí sítíárìn, kò yí. Bọ́ọ̀sì wọ kòtò, ó fi orí sọ igi. Ẹsẹ̀ páńẹ́lì bítà kán síbi méjì, kò sì mọ ibi tó wà fún ọjọ́ méjì gbáko. Kó tó lajú, olè náà ti padà débi tó gbé bọ́ọ̀sì sí, ó ti bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ó sì ti na pápá bora. Títí di òní olónìí, wọn kò rí i.

Nígbà tí Wáyà sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá kò pariwo. Ó wo àjà.

"Àdúrà tí èmi náà ń gbà ni pé kí ẹsẹ̀ olè yẹn kán," ló wí. "Ẹsẹ̀ ti wá kán o. Ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ló ni ín."

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Ríwáyà mú Wáyà lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ẹnu ọ̀nà, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbọ́ mi. Fóònù mi ni, ṣọ́ọ̀bù mi ni. Tí wọ́n bá béèrè, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò ṣì kù fún ẹ. Má la ẹnu rẹ."

Ìyàwó páńẹ́lì bítà ló kọ́kọ́ rí wọn. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀yin ni ẹ ni fóònù yẹn? Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ẹ fi onítọ̀hún hàn mí! Ohun tó fi ṣe ọkọ mi ni màá fi ṣe é. Màá fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ síbi méjì, màá sì jókòó tì í kí n máa wò ó!"

Bàbá Ríwáyà la ẹnu, ó ní, "Èmi ni—" Ṣùgbọ́n Wáyà mọ ohùn yìí. Òun náà ló ti ń gbọ́ nínú orí ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi baba arúgbó kan tí kò ṣe nǹkan kan síwájú ohùn yìí, yóò jẹ ẹ́ run láìbéèrè. Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, mà. Wọ́n ní kí n má ṣe é. Mo ṣe é."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Ọmọdé báyìí?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó wa—" ni Bàbá Ríwáyà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ẹ ti fẹ́ parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Mi ò ní nà ọ́. Tí mo bá nà ọ́, o máa sunkún, o máa lọ sílé, ó tán. Lójoojúmọ́, bí o bá ti kúrò nílé-ìwé, o máa wá jókòó sórí àga níwájú bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi. O máa wo ojú rẹ̀. Ẹ̀san tèmi nìyẹn."

Àwọn ọlọ́pàá gba fóònù ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n sì ní kí Bàbá Ríwáyà má ṣe fi tíráákà sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọn yóò fi parí ìwádìí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Wáyà ń lọ jókòó lórí àga náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, páńẹ́lì bítà kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo àárín àwọn méjèèjì. Ó tó ọjọ́ kẹfà kó tó bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Kí ni, sà?"

"Nígbà tí o tẹ̀ ẹ́."

Irọ́ wà lẹ́nu Wáyà. Ó gbé e mì. "Ó dùn, sà."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Kò tó wákàtí kan."

Ọkùnrin náà mi orí. "Ó dáa bí o kò ṣe parọ́. Èmi náà, láti ìgbà tí mo ti lajú ni mo ti ń ro ohun tí màá fi ojú ẹni yẹn rí. Ó ń dùn mọ́ mi, àní mi ò kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń bá jà lọ́kàn mi, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó burú. Ìgbà tí o wá wọlé pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé, mo rí i pé ẹni tí mò ń lù ní gbogbo àkókò yẹn kò sí láyé." Ó fi ọwọ́ tọ́ka. "Bá mi tún ìrọ̀rí yìí ṣe. Ọrùn ń dùn mí."

Wáyà dìde, ó tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó lè má sí fóònù tó ń pa ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹnu tó lè ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ẹ sì ní ọwọ́ tó lè fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbà padà ránṣẹ́. Wọ́n lè ṣẹ̀ yín lóòótọ́, bí wọ́n ti ṣẹ ìyá Wáyà. Inú yín lè bí dé góńgó, kò sì ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í béèrè ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kó tó lù ú. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè.