Àmì Dò Nínú Ọgbọ̀n Ìwé

Ọgbọ̀n ìwé ni, kò sì sí orí ìkẹyìn nínú ìkankan wọn mọ́.

Ìyáàfin Zipporah Oyètọ́lá, tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó, ló rí i nígbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìwé ọ̀ràn-an-yàn ni: gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta gbọ́dọ̀ kà á nílé, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò lé e lórí tí wọ́n bá wọlé. Bàbá Ọládòṣù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ ọ́ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀.

Zipporah gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gé e, ó sì tọ́ bí ìgbà tí rúlà bá tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Ẹni tó gé e fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ kí àwọn ojú ewé ìyókù má bàa tú. Ọ̀bàyéjẹ́ tó ń ṣàánú ohun tó ń bà jẹ́ kò wọ́pọ̀. Obìnrin náà fi èyí sọ́kàn.

Kó tó dé ọ́fíìsì, pirinsípà ti mú ọ̀daràn tirẹ̀. Grace ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló gbálẹ̀ yàrá ìkàwé lánàá, gbogbo kíláàsì ló sì gbọ́ nígbà tó sọ pé ó wu òun kí iná jó orí ìkẹyìn ìwé yẹn. Pirinsípà ní tó bá di aago méjì ọ̀sán, òun yóò lé e lọ pátápátá.

Zipporah bẹ̀ ẹ́ kó fún òun láyè di aago méjì náà. Kì í ṣe àánú nìkan. Òun ló yan ìwé yìí. Òun ló ka orí ìkẹyìn sókè ní kíláàsì, níbi tí ọmọkùnrin kan tó ń lu agogo ilé ìwé ti jí agogo idẹ náà gbé, tí wọ́n sì lé e. Bàbá Ọládòṣù yí orúkọ ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó máa tiro bó ṣe ń tiro. Ẹnì kan pariwo pé Samson nìyẹn, bàbá àgbà Grace tó wà ní Abigi. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Zipporah náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í títí di àkókò yìí.

"Mé gé e, mà," Grace sẹ́. Ẹ̀rù ti lé Yorùbá ilé ìwé lọ lẹ́nu rẹ̀, Ìjẹ̀bú ló kù.

"Ta lo bá níbẹ̀ nígbà tó o fẹ́ gbálẹ̀?"

"Bàbá Ọládòṣù ni, mà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ buwọ́ lu àwọn ìwé. Bàbá mi àgbà ti ní kí n bá àwọn kí wọn, mo sì jíṣẹ́. Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní kí n ṣì máa lọ ná, kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì."

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, tíṣà Yorùbá, ló kàn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Kò fẹ́ràn ìwé náà rí, kò sì fi bò. Ó ti kọ̀wé sí pirinsípà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé ẹni tí kò rójú yẹ àmì ohùn wò kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ṣí ojú ewé kejìlá kí ẹ wo ẹ̀rí mi," ó ní. "'Ọkọ ìyá mi rì ní Ibiade, a sì ra òmíràn.' Ṣé ọjà ni wọ́n ti ń ra ọkọ ìyá ẹni?"

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá ní lọ́kàn. Àwọn atẹ̀wé ló jẹ àmì dò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Zipporah ṣí ojú ewé kejìlá. Àmì dò wà níbẹ̀, wọ́n fi bírò dúdú fà á. Ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta. Ó wà nínú ọgbọ̀n ìwé náà. Ojú Ayọ̀dèjì fà ro bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Zipporah wá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tó yẹ kí òǹkọ̀wé buwọ́ lù. Òfìfo ni gbogbo wọn.

Ó jókòó, ó rò ó. Grace kò ní tún ìwé tó fẹ́ kó jóná ṣe. Ayọ̀dèjì kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí ara rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá kan dá wà pẹ̀lú àwọn ìwé yìí fún wákàtí méjì, kò sì buwọ́ lu ẹyọ kan. Wọn ò tilẹ̀ fura sí i, torí ta ni yóò rò pé ènìyàn lè yọ abẹ sí ọmọ tó bí?

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá Ọládòṣù wà ní pálọ̀, àpò ìwé ńlá kan lórí itan rẹ̀. Zipporah kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ẹ ò buwọ́ lu ìwé kankan."

"Ọwọ́ mi kọ̀," bàbá ní. Ó na àpò ìwé náà sí i. Gbogbo ojú ewé tí wọ́n gé ló wà níbẹ̀. Abẹ àti rúlà wà nínú báàgì rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó ní, ṣe tíṣà lòun.

"Kí ló dé, sà?"

"Samson kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo lu agogo lọ́jọ́ náà, mò ń fi ṣeré. Ó já, ó fọ́, mo sì jù ú sódò. Samson ni wọ́n lé. Mo dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń tiro lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta rèé."

"Ẹ sì tún kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mo ti pa irọ́ náà pẹ́ débi pé èmi gan-an gbà á gbọ́. Àfi ìgbà tí ọmọ yẹn ní Samson ní kí òun kí mi. Mo rò pé tí mo bá ti gé e kúrò, ó ti tán."

"Wọ́n fẹ́ lé ọmọ náà ní aago méjì, sà."

"Pirinsípà pè mí láàárọ̀. Mo gbọ́." Bàbá wo ilẹ̀. "Mo gbọ́, mo sì jókòó."

Zipporah dìde. Ó bá a mú fìlà rẹ̀ wá.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì. Bàbá ṣí fìlà níwájú Grace, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ. Zipporah náà bẹ ọmọ náà fún ẹ̀rín tó rín. Pirinsípà fa lẹ́tà tó ti kọ ya. Bàbá wá ní kí Grace bá òun pe Abigi, kó sì jẹ́ kí gbogbo yàrá gbọ́.

"Samson, èmi Ọládòṣù ni. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo fọ́ agogo."



"Ọmọ mi ńkọ́?" Samson béèrè. "Wọn è lé e?"

"Wọn ò lé e."

"Á padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi?"

"Á wọlé, sà," pirinsípà fúnra rẹ̀ dáhùn.

"Ó dáa," Samson ní, ó sì pa fóònù.

Ọládòṣù kò gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó ń dúró de èébú, èébú náà kò sì wá.