Koríko Hù Nínú Báńkì

Òkú ọba tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lójú sinimá gbé itọ́ mì. Àwọn ìjòyè ń sunkún, olorì ń yí gbirigbiri nílẹ̀, gògóńgò òkú sì gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ilé sinimá náà lè gba ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn, méje nínú wọn sì ti sùn lọ. Àwọn méjì tó kù ló bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú nínú àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan jókòó ní ìlà kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ẹ̀rín sì ń dán lójú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọdún mẹ́fà ló ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn, àti pé lónìí ẹnìkan dá a lóhùn.

Ẹ̀rín rírín ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn, níbi tó ti ń fi àwọn fíìmù tí kò dára àti àwọn ìwé aláwòrán àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń kà á ló sọ ọ́ ní Alárìíwísí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí onílé rẹ̀ gan-an kò fi mọ òmíràn. Ẹ lè rò pé ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kún fún ọ̀rẹ́. Irọ́ ni. Ilé oníkálukú ni wọ́n ti ń rín ẹ̀rín tí ó bá dá sílẹ̀. Òun kì í gbọ́ ọ. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, bó bá sì rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ ọ́.

Nígbà tí fíìmù náà parí, ó dúró de obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa á.

"Ẹ dákun," ó ní, "ṣé ẹ rí òkú yẹn, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

"Mo rí i. Imú tún ń yún un, ó kàn ń mú un mọ́ra ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, ẹ̀wù àwọn dókítà ló ń lọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àpá áyọ́ọ̀nù sì wà lápá rẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń tì, ibi tó sì ń sá lọ ni ilé sinimá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Láti ìgbà náà, wọn kì í fi ìlà mẹ́ta sáàárín ara wọn mọ́. Wọ́n rí akọni tí ọta bà lápá òsì tí wọ́n di apá ọ̀tún fún. Wọ́n rí jagunjagun ayé àtijọ́ tó gbàgbé aago sí ọrùn ọwọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin náà ní Ẹlẹ́rìí Mi, nítorí pé òun ló jẹ́rìí sí ọ̀ràn òkú. Obìnrin náà ní kó má pe òun ní ẹlẹ́rìí bí kò bá ní gbé òun dé ilé ẹjọ́. Ó ti ń ka ojú ewé rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kà á tán, á sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, pé inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú, pé òun kò mọ èyí tí òun ìbá gbàgbọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni obìnrin náà kì í fẹ́ sọ. Ó sọ pé òun àti bàbá òun nìkan ni, pé ìyá òun kú nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, pé bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkùnrin náà kò tọ pinpin. Ó ti ń rò ó lọ́kàn pé òun á fẹ́ ẹ, ó sì ń wá ẹ̀bùn kan tí òun á kọ́kọ́ fún un.

Ẹni tí kò mọ̀ ju yẹ̀yẹ́ lọ, yẹ̀yẹ́ ni yóò fi tọrẹ. Nínú òkìtì ìwé àlòkù lẹ́bàá títì, ó rí ìwé aláwòrán mẹ́rìnlá tí wọ́n ń pè ní Akọni Alágboòrùn, láti orí ìkọkànlélógún dé ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n. Agboòrùn ni akọni náà fi ń fò, dókítà burúkú kan sì ń gbèrò láti jí gbogbo iyọ̀ inú òkun kó. Ẹni tó yà á kò fi orúkọ sí i ju "Ọwọ́ Òsì" lọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń ro ẹ̀rín obìnrin náà bó ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó kọ nìyí:

"Akọni yìí kò ní ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ní in nínú gbogbo ìwé náà. Koríko ló bo oníkálukú dé ojúgun. Ó hù nínú igbó, kò burú. Ó hù nínú báńkì. Ó hù lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́. Nígbà tí Akọni ṣí agboòrùn tó fò dé òfuurufú, koríko ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo kà á níbi tí kò yẹ kó hù sí. Ẹ̀yin ará, Ọwọ́ Òsì kò mọ ẹsẹ̀ yà, ló bá sọ gbogbo ayé di pápá. Màlúù nìkan ló yẹ kó máa ra ìwé yìí."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kì í ka ojú ewé rẹ̀ kà á. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó tètè dé ilé sinimá, inú rẹ̀ ń dùn. Obìnrin náà dé, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Ṣé o kà á?" ọkùnrin náà bi í.

"Bàbá mi kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé ìròyìn náà, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá mi ni Ọwọ́ Òsì."

Ọkùnrin náà ní òun kò mọ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń kà á sókè níbi iṣẹ́, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró nítorí rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dé ibi tí orúkọ bàbá mi wà. Ìyẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Má wá mi mọ́, jọ̀ọ́."

Ó jáde. Ní ojú sinimá, ọkọ̀ òfuurufú kan ń já bọ̀, okùn tí wọ́n fi so ó kọ́ sì hàn gbangba.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ọkùnrin náà ń lọ sí ilé sinimá ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó ń rí àṣìṣe bó ṣe máa ń rí i, ẹ̀rín á gòkè dé ọ̀fun rẹ̀, á sì padà síbi tó ti wá. Kò sí ẹni tó máa fi ìgúnpá tọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, nítorí pé ohun tó ń kọ ti gbẹ. Àwọn ọdún mẹ́fà tó fi dá wà kò dùn ún tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí, torí nígbà náà kò tíì mọ ohun tí kò ní.

Obìnrin náà kò sàn jù ú lọ. Ó jó ọrùn ẹ̀wù dókítà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nílé, òun àti bàbá rẹ̀ á jókòó, tọ̀hún á kọjú sí fèrèsé, òun á kọjú sí ògiri. Bàbá bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jáde ní Ọjọ́rú mọ́. Ó ní fíìmù ti sú òun. Bàbá wò ó, ó tún kọjú sí fèrèsé. Àgbà kì í tọ pinpin ọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó jọ. Alárìíwísí mọ èyí, síbẹ̀ ní Ọjọ́rú kẹfà ó béèrè ọ̀nà ilé wọn lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ obìnrin náà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ló ṣí i. Kò ní kó wọlé, kò ní kó padà. Láti inú ilé ni bàbá ti béèrè ẹni tó dé.

"Èmi tí mo kọ ọ̀rọ̀ koríko ni, Bàbá. Mo wá bẹ̀ yín."

"Wọlé."

Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ọkùnrin náà tẹríba, ó bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá jẹ́ kó parí.

"Ìgbà mélòó lo ní koríko hù níbi tí kò yẹ?"

"Mẹ́sàn-án, Bàbá."

"Mọ́kànlá ni. O fo ti ilé ìwòsàn, o sì fo ti inú ọkọ̀ ojú omi. Ti ọkọ̀ ojú omi yẹn ló burú jù. Bí o bá máa bú mi, bú mi kó pé."

Ọkùnrin náà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Bàbá bi í pé orí ìkelòó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìkọkànlélógún.

"O ò tíì ka ogún tó ṣáájú, o ti dájọ́," ni bàbá wí. Ó ní kí ọmọ òun fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Obìnrin náà mọ àpótí náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣí i rí, torí bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ogún ìwé ló wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí koríko nínú ilé kankan. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹsẹ̀.

"Èmi ò mọ ẹsẹ̀ yà rí," ni bàbá wí, ọmọ rẹ̀ ló sì kọjú sí. "Ìyá rẹ ló ń yà á. Màá ya èèyàn dé orúnkún, màá ti bébà sí i níwájú, á ya èyí tó kù. Ìwọ á wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó lọ, ilé ìtẹ̀wé ń retí ìkọkànlélógún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbìyànjú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó sú mi, mo ya koríko."

"Ẹ ò sọ fún mi rí, Bàbá."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣùgbọ́n èèyàn kan kì í dá a rín, ọmọ mi. Nígbà tí mo ka ohun tí ọkùnrin yìí kọ, inú bí mi. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé láti ogún ọdún ó lé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ibi tí ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn lọ."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń ṣí ìwé náà níkọ̀ọ̀kan. Ó rí olè tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lójú bàtà. Ó rí ọlọ́pàá tí okùn bàtà rẹ̀ tú. Ó rí obìnrin kan lórí ìlà ní báńkì, tó fi ẹsẹ̀ kan dúró, tó ń fi èkejì họ ojúgun. Kò rántí ojú ìyá rẹ̀, kò rántí ohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé aláwàdà ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Alárìíwísí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a wò ó. Àṣìṣe kan ti wọ̀ ọ́ lójú, ó sì pinnu pé òun á gbé e mì. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi ìka sí i.

"Dókítà tó fẹ́ jí iyọ̀ yìí," ó ní, "ẹsẹ̀ òsì méjì ló ní."

"Ìyá rẹ máa ń bínú bí mo bá sọ ọ́," ni bàbá wí, ẹ̀rín sì mú un títí ó fi di ògiri mú. Àwọn méjì tó kù bá a rín in.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, ọkùnrin náà béèrè bóyá òun lè kọ nípa ẹsẹ̀ náà, kí ìlú lè mọ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní kó fi koríko sílẹ̀ fún ìlú, torí òótọ́ ni. Ti ẹsẹ̀ yìí, ti inú ilé ni.

Obìnrin náà sìn ín dé títì. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Wọ́n rìn díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dúró.

"Ẹlẹ́rìí mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tí mi ò rí sọ̀rọ̀. Fẹ́ mi, kí n máa bá ọ sọ ọ́."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àga mélòó ló wà nínú yàrá rẹ?"

"Ẹyọ kan."

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ rí."

Obìnrin náà fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì di apá ọkùnrin náà mú.

"Ra méjì kún un," ó ní. "Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀, bàbá mi ò sì lè máa dúró."

Ọkùnrin náà mi orí sí i pé òun gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí káfíńtà kan tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkùnrin náà ti dúró síwájú ibẹ̀. Ó ní òun ń fẹ́ àga méjì. Káfíńtà bi í bóyá irú èyí tí wọ́n ń ká pa mọ́ tí àlejò bá ti lọ ló ń fẹ́. Ó ní rárá, kó kan án kó le, àwọn tó ń bọ̀ kò ní í lọ.