Ẹsẹ̀ Tí Ó Sáré Padà Sínú Kẹ̀kẹ́ Arọ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2025, òjò ńlá rọ̀ ní Mushin. Ó bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó dá díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ó tún ti ń lu òrùlé páànù kíkankíkan. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì kí n tó kọ èyí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ara mu.

Ní yàrá òkè nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ọláolú ń rìn láti ìdí ògiri dé ojú fèrèsé. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni lílọ, mẹ́fà ni bíbọ̀.

Kò sí ohun ìyanu nínú pé kí ènìyàn máa rìn nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀, tí ilé ẹjọ́ pàápàá mọ̀, ni pé Ọláolú kò lè rìn.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn àpò ẹrù tí wọ́n tò ga ju bí ó ti yẹ lọ wó lù ú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. Òtítọ́ ni èyí, kò sí àbùlà nínú rẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ọláolú gba lọ́yà, ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ láti gba owó gbà-má-bínú, ó sì búra pé òun kò ní rìn mọ́ títí ayé. Ní ọjọ́ tí ó búra, ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mì. Àánú Ọlọ́run ni. Ọláolú wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu láti pe ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ẹjọ́, ó sì pa ẹnu dé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ ìrìn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ó fi ń bo ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, ariwo páànù ni. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, á bojú wo fèrèsé, á ní ilé iṣẹ́ ti rán ẹni tí yóò fi fóònù ya àwòrán òun wá. Bí ọmọ rẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, bá sáré wọlé láti ilé ẹ̀kọ́, á bá bàbá rẹ̀ tí ó ń làágùn lórí ìjókòó.

Teslim, ọmọkùnrin Mùsùlùmí tí ń lẹ táyà níwájú ilé, ni ó máa ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kí ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti wúwo sí i o,” Teslim á wí. “Kí ni Àǹtí ń fún yín jẹ? Ẹ jẹ́ kí n máa gba owó ọkọ̀.”

Ọláolú á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó má baà gbéra láìròtẹ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí kò fi í sílẹ̀. Olúdayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, òun ni ó sì gbé ẹrù kúrò lára Ọláolú ní ọjọ́ tí ó wó. Ní ọjọ́ kan, Olúdayọ̀ sọ ìtàn arọ tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá adágún omi fún ọdún méjìdínlógójì, tí Jésù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó sì bi í bóyá ó fẹ́ ìwòsàn.

“Ìbéèrè yẹn máa ń yà mí lẹ́nu,” ni Olúdayọ̀ wí. “Ta ni yóò wà nínú àìsàn tí kò ní fẹ́ kí ara òun dá?”

Ojú Ọláolú yí padà. “Ẹ̀gbọ́n Dayọ̀, ta ló rán yín wá? Ṣé ilé iṣẹ́ ni?”

“Ilé iṣẹ́ kẹ̀? Àbúrò, ìtàn Bíbélì ni mo ń sọ.”

“Ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́. Ẹni tí ẹrù kò wó lù kò mọ nǹkan kan.”

Olúdayọ̀ mú fìlà rẹ̀. “Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e kúrò lára rẹ, Ọláolú. Mo mọ̀ ọ́n.”

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ òjò náà. Ó ku ọjọ́ méjì tí ẹjọ́ yóò wáyé. Hilda, ìyàwó Ọláolú, ti sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi tí yóò fi wẹ ọkọ rẹ̀. Bí ó ti ń gbé e gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí òjò ti rin. Ó ṣubú dé ìsàlẹ̀.

“Bàbá Ṣaléwá! Ẹ gbà mí o! Apá mi!”

Ọláolú wà lórí ìdúró. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Ìwọ tí ń ka èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni ó gbé e lọ. Ó sáré padà sínú kẹ̀kẹ́ arọ, ó jókòó, ó sì fa aṣọ bo itan.

Èmi kò lè sọ iye ìṣẹ́jú tí obìnrin náà fi wà nílẹ̀. Ọláolú fúnra rẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá ni òun gbọ́ tí ó pe òun. Òjò kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Teslim tí ó wá mú aṣọ òjò rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ni ó bá a níbẹ̀, tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun apá òsì rẹ̀ ti dá, lókè ìgúnpá.

Nígbà tí Hilda padà dé pẹ̀lú apá tí wọ́n ti dì, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyí: “Ẹ má bínú. Mo ń pè yín bí ẹni pé ẹ lè wá. Ìrora ni ó jẹ́ kí n gbàgbé.”

Ọláolú tún fa aṣọ bo itan rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Ọjọ́rú, Olúdayọ̀ wá kí wọn. Teslim náà gbé omi gòkè wá, nítorí Hilda kò lè gbé e mọ́. Lójijì ni Ọláolú sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n Dayọ̀, arọ ẹ̀bá adágún yẹn. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ńkọ́?”

“Jésù kì í fipá mú ènìyàn. Ó kàn bi í ni.”

“Èmi ni kò fẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi kọ̀.”

Ó di apá kẹ̀kẹ́ mú, ó sì dìde dúró.

Hilda kígbe, “Jésù! Jésù o! Iṣẹ́ ìyanu!”

“Kì í ṣe òní, Hilda,” ni ọkọ rẹ̀ wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Kì í ṣe òní. Lánàá, nígbà tí o ń pè mí, orí ìdúró ni mo wà.”

Teslim gbé korobá sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n! Oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi ń pọ̀n yín! Ta ni yóò san owó gbà-má-bínú ẹ̀yìn tèmi?”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Hilda yí ojú sí ògiri.

Olúdayọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹrù ilé iṣẹ́, mo fi ọwọ́ gbé e kúrò lára rẹ. Èyí tí ó wà lórí rẹ nísinsìnyí, ọwọ́ mi kò ká a. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè gbé e. Ó ti kú nítorí rẹ̀.”

Ọláolú kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ le, ó pẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀. Ó ní, “Jésù Olúwa, o fún mi ní ẹsẹ̀, mo fi parọ́. Aya mi pè mí, mo jókòó. Òpùrọ́ ni mí. Dárí jì mí, kí o sì gbà mí.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Hilda yí ojú padà láti ara ògiri. “Ẹ dìde,” ni ó wí. “Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ dìde, orúnkún yín kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀.” Ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ilé ẹjọ́ tó jókòó, Ọláolú fi ọ̀pá rìn wọ ọ́fíìsì lọ́yà rẹ̀ ní Yaba. Obìnrin ni lọ́yà náà, Edith ni orúkọ rẹ̀, kò sì mọ ohunkóhun nípa irọ́ yìí. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ búra pé ó ti kú ni ó gbé yín gun àtẹ̀gùn mi?”

“Òun ni.”

“Ẹ mọ̀ pé èyí lè ba gbogbo ẹjọ́ jẹ́? Wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo ìyókù.”

“Mo mọ̀. Òtítọ́ ni kí ẹ kọ.”

Lọ́yà náà mí kanlẹ̀, ó sì fa bébà tuntun yọ.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ẹjọ́ náà kò tíì parí. Èmi kò mọ̀ bóyá wọn yóò san ohunkóhun, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé wọ́n ti san án. Ẹ̀yìn Ọláolú ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n mọ́tò lè dúró níwájú ilé rẹ̀ báyìí, kí ó má bojú wo fèrèsé.

Ọ̀rẹ́ mi, kí ni ìwọ fi aṣọ bò? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́ ní tòótọ́, bí wọ́n ti ṣẹ Ọláolú. Ìyẹn kò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ nù. Níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run, Alágbàwí kan wà tí o kò lè fi ohunkóhun pamọ́ fún. Ó mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà láti dúró fún ọ, nítorí òun ni ó ti jẹ ìyà náà. Ó ti ń pè ọ́ tipẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ó pè ọ́ di ìgbà mọ́kànlá. Dìde lónìí, níbi tí o jókòó sí, kí o jẹ́wọ́ fún un. Ṣé ìwọ fẹ́ ìwòsàn?

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà nínú yàrá náà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, ni Hilda, tí apá rẹ̀ wà ní dídì. Teslim, pẹ̀lú korobá omi. Àti Olúdayọ̀, tí kò tíì ṣí fìlà. Ọmọ́ṣaléwá dé láti ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó túká. Ọláolú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ìdúró.