Ẹyọ Kan Tí Gbémiga Ṣahun

Dókítà ti là á yé Gbémiga pé kíndìnrín rẹ̀ bá ti Adépéjú, àbúrò rẹ̀, mu. Bó bá fún Adépéjú ní ẹyọ kan, ẹyọ kejì á tó òun lò. Ọmọbìnrin náà á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Àkúrẹ́, á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Gbémiga fàáké kọ́rí. "Kí n wá padà wáyé láìní kíndìnrín? Màá wá owó, màá ra òmíràn fún un."

Owó wo? Lọ́dún tí gààrí di ọjà olówó! Irọ́ ni, ojo ni. Ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù.

Ló bá wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ó gun ọ̀kadà wọ igbó Bọ́lọ́rundúró lọ bá Akínsànyà tó ń ṣe òògùn owó. Ọkùnrin náà ti ní kó mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dání.

"Awo wa kì í gba ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ̀," ni Akínsànyà wí. "Díẹ̀ la ó gbà lára rẹ. Owó á kún ilé."

Ẹ gbọ́ ná, ojúbọ wo ló ń ka ìwé dókítà? Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó béèrè.

Yàrá náà ṣókùnkùn. Aṣọ pupa, agbárí ewúrẹ́, epo tó ti kan. Ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ọsibítù. Kúlà kan wà lẹ́yìn ojúbọ, yìnyín kún inú rẹ̀.

"Baba, kí lẹ fẹ́ fi kúlà yẹn ṣe?"

Akínsànyà ti gbé igbá àgbo sí i lẹ́nu. "Mu ún! Ara kì í kọ ọwọ́ tó ń họ ọ́. Ara rẹ ò ní kọ ọwọ́ mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ lẹ́yìn aṣọ pupa.

"Yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni Akínsànyà wí. "Ẹni tó rà á ti ń dúró."

Gbémiga fẹ́ ké. Ohùn ò jáde. Ó rí ọ̀bẹ náà.

Ẹ̀bá títì Oǹdó ló ti la ojú ní ọ̀sán gangan. Eṣinṣin bo ìhà rẹ̀. Wọ́n ti rán an bí ẹnu àpò kòkó.

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé Àkúrẹ́. "Dókítà, ẹ yọ ọ́! Màá fún un!"

Dókítà ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wo ojú ọgbẹ́ náà títí. "Ẹyọ kan ló kù. A ò lè yọ ìyẹn."

Adépéjú gbé ojú rẹ̀ tó ti wú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bùọ̀dá mi, ta lẹ wá fún ní ẹyọ kejì?"

Gbémiga kò mọ orúkọ ẹni náà.