Ọ̀pá Àjọrà

Ìyẹ̀fun tó wà létí ọkùnrin kan ni obìnrin aránṣọ kọ́kọ́ rí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó bà lé etí náà, ìyẹ̀fun ọ̀hún sì ń tàn bí ìrì lórí ewé. Lẹ́yìn náà ló tó rí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ńlá tó jẹ́jẹ́, tó di orí ọ̀pá ìpẹja kan mú. Ìdí ọ̀pá kan náà sì rèé lọ́wọ́ òun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kọ́kọ́ mú un."

"Ìdí lẹ mú," ọkùnrin náà fèsì. "Orí lèmi mú. Orí sì làgbà ara."

"Bí ò bá sí ìdí, níbo lorí fẹ́ jókòó sí?"

Ìyá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là wọ́n lọ́yẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tó ń kọ́ ìpẹja eléṣinṣin, tí à ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá tan ẹja, kò nílò ọ̀pá olówó ńlá. Èyí tó rọ̀ níwọ̀nba, tí kò gùn jù, tí okùn rẹ̀ sì bá a mu, ó ti tó. "Ẹ má náwó lé róòlù tí à ń ká okùn sí," ó ní. "Okùn ni kí ẹ má ṣahun sí. Eṣinṣin tí a fi ìyẹ́ ṣe yìí fúyẹ́ bí èémí, kò lè gbé ara rẹ̀ dé odò. Okùn ló ń gbé e lọ."

Ọ̀pá, róòlù àti okùn tó wà pọ̀ nínú àpò kan, tí apá mẹ̀kúnnù ká, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Àwọn yòókù tó wà lára ògiri, owó wọn á lé oorun lójú èèyàn.

"Ẹ jẹ́ ká jọ rà á," ọkùnrin náà wí.

Aránṣọ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó wojú rẹ̀, kò rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dáwó jọ nìyẹn.

Ilé búrẹ́dì ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìdájí ló ti máa ń po ìyẹ̀fun nídìí iná, ibi tútù tí kò sí ariwo ẹ̀rọ ló ń wá. Ní ti aránṣọ, ó ti rí obìnrin kan rí tó ń ju okùn létí odò. Okùn náà ń rọ́ lójú ọ̀run bí òwú tó ń wá aṣọ tí yóò rán. Láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, òwú yẹn ló ń rí.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí búrẹ́dì bá ti tán lórí igbá, tí aránṣọ náà bá ti tilẹ̀kùn, odò yá. Ẹnì kan á ju okùn, ẹnì kejì á jókòó sórí òkúta máa wò ó. Ìkùukùu á rọra máa rìn lórí omi bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Wọn kì í mú ẹja kankan. Igi ni wọ́n ń mú, koríko ni wọ́n ń mú. Lọ́jọ́ kan, ìwọ̀ oníbúrẹ́dì há mọ́ gèlè aránṣọ.

"Ẹja ńlá!" ó kígbe.

"Ẹ tú mi sílẹ̀ o! Ẹja yìí ò ṣeé sè."

"Ta ló fẹ́ sè é? Wíwò ni mo fẹ́ máa wò ó."

Oníbúrẹ́dì rọra ń tú ìwọ̀ náà, kò yára rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni 'ẹ' di 'o' láàárín wọn. Ó di "Abẹ́rẹ́ mi" lẹ́nu ọkùnrin náà, òun náà sì ń pè é ní "Búrẹ́dì Gbígbóná".

Ṣùgbọ́n bàbá aránṣọ, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ti fojú sí onílé kan ládùúgbò fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí oníbúrẹ́dì wá kí i nílé, ó jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó sọ̀kò ọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ jọ ra ọ̀pá ni. Ọkùnrin tí kò lè dá ọ̀pá ìpẹja rà, ṣé bùkátà ilé ló fẹ́ dá gbọ́?"

Oníbúrẹ́dì dìde, ó dúpẹ́ omi tí wọ́n fún un, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọ̀pá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. "Mo fi ìdajì tèmi ta ọ́ lọ́rẹ," ó wí, kò sì dúró gbèsì.

Aránṣọ dá lọ sódò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn, ó rọra tì í síwájú. Àfi bí okùn ṣe fò tààrà, tó tẹ́ sórí omi láìdún, eṣinṣin náà sì bà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lá àlá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ṣé o rí i?" Ó yíjú sí òkúta. Kò séèyàn níbẹ̀.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀, ilé búrẹ́dì ló gbà lọ.

"Abẹ́rẹ́, kí lo wá ṣe nínú ooru yìí?"

"Okùn náà fò lónìí. Mo wẹ̀yìn, n ò rí ẹ."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró nínú ìyẹ̀fun. "Òótọ́ ni bàbá sọ."

"Ṣé èmi náà lè dá a rà ni? Ẹ̀rù ń ba bàbá mi pé ìyà á jẹ mí. Lọ sọ fún un pé bí ìyà bá tiẹ̀ fẹ́ jẹ mí, kò ní í jẹ èmi nìkan."

Bí ó ṣe wà nínú aṣọ iṣẹ́ ló ṣe tẹ̀ lé e délé. "Bàbá, n ò lè ṣèlérí ilé fún yín," ó wí. "Ohunkóhun tí mo bá ní, a ó jọ ní in ni. Ìtìjú ló lé mi lọ lọ́jọ́sí. Kò ní lé mi mọ́."

Bàbá wo ilẹ̀. "Yàrá kan lèmi àti ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Òjò ń jò sí wa lára níbẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ẹ̀rín la máa ń fi gbe omi rẹ̀." Ó nu ojú. "Odò tí ẹ ń lọ yìí, ṣé àga wà níbẹ̀?"

Wọ́n gbé àga lọ fún un. Atẹ́gùn odò fẹ́ sí i, kò pẹ́ tó fi dorí kodò bí ẹni tó ti sùn lọ. Omi ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Oníbúrẹ́dì súnmọ́ aránṣọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà jí àgbà.

"Abẹ́rẹ́ mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

Aránṣọ ń wo ojú omi.

"Dá a lóhùn, jàre," bàbá wí láìlajú, "kí n ráyè sùn."

"Mo gbà," aránṣọ wí, ó sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.