Egungun Ajá Nínú Ilé Oúnjẹ Moríkẹ́

"Ajá ni! Ajá ni obìnrin yìí ti ń sè fún yín láti ọjọ́ yìí!"

Fọláṣadé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, inú máìkì tí àwọn oníbàárà fi ń kọrin ló sì ti ń sọ ọ́, kí gbogbo ìlú Ugbonla lè gbọ́. Abọ́ egungun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Obìnrin burúkú gbáà! Ìyàwó kejì tí Kọ́lájọ fẹ́ wá láti ilẹ̀ òkè, tí kò tíì lo ọdún kan létí omi, òun ló fẹ́ gba ilé ìdáná mọ́ ìyáálé rẹ̀ lọ́wọ́!

Moríkẹ́, ìyáálé, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbakọ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, lábẹ́ alásè ará Ṣáínà kan, kó tó mọ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ fa ìyẹ̀fun pípò gùn bí okùn di núdù. Lórí àwọn òpó tí bàbá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nínú omi ló wá ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sí, tó ń ta núdù àti ìrẹsì díndín ní iye tí apẹja lè san. Ó ra ẹ̀rọ karaókè pẹ̀lú, èyí tí ọ̀rọ̀ orin máa ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá jẹun yó á dìde, á gba máìkì, á kọrin. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹran ajá ló wà nínú abọ́, orin nìkan ni wọ́n ń wá kọ. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́!

"Bàbá Rhoda, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?" Moríkẹ́ kígbe sí ọkọ rẹ̀. "Bí mo bá se ajá rí, kí òkun gbé mi lọ!"

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Kọ́lájọ ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná fún Fọláṣadé," ló wí. "O ti dójú tì mí tó!"

Bàbá Olówòkéré, àgbà apẹja tó ń dúró de orin tirẹ̀, na ọwọ́. "Gbé abọ́ yẹn wá, ìyàwó. Níbo lo ti rí egungun yìí?"

"Lábẹ́ ilé ìdáná, Bàbá! Ibẹ̀ ló ń dà á sí. Láti ìjẹta ni mo ti ń wò ó níbẹ̀, tó kó jọ gègèrè!"

"Láti ìjẹta?"

"Ojú mi báyìí ni!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé o rò pé ààtàn ilé bàbá rẹ lókè ló wà lábẹ́ ilé wa ni? Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún débẹ̀, tó sì ń fà padà. Ìdọ̀tí kì í sun ibẹ̀ mọ́jú, ká má tíì sọ ti ìjẹta! Egungun yìí ò tilẹ̀ ní ẹrẹ̀ lára. Ta ló kó o fún ọ?"

Ariwo ta. Fọláṣadé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojora mú un. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, máìkì ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kọ́lájọ, sọ̀rọ̀! Ṣé ìwọ kọ́ lo kó o wá láti òkè? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n sọ pé abẹ́ ilé ni mo ti rí i, kí ibí lè di tiwa?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Wọ́n hó lé tọkọtaya náà lórí: "Ọ̀dàlẹ̀! Ojú tì yín!" Fọláṣadé ju máìkì sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà èbúté lọ. Ni àwọn oníbàárà bá yíjú sí Moríkẹ́. "Ìyá Rhoda, ẹ bù fún wa o, ebi ń pa wá!"

Ibẹ̀ gan-an ni inú Moríkẹ́ ti ru. Ó fi ìgbakọ gbá tábìlì.

"Ẹ̀yin náà! Ta ló gbà á gbọ́? Ìwọ Lawrence, ìkòkò mi lo fi bọ́ ọmọ rẹ nígbà tí ìyàwó rẹ wà ní ọsibítù! Ẹ ò lè wá bi mí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, orin lẹ ń kọ lé mi lórí!"

Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá Olówòkéré ṣí fìlà. "Ọmọ mi, a jẹ̀bi. Má bínú." Lawrence dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn yòókù sì tò, oníkálukú pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ló ń bù fún wọn, tó sì ń kùn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Kọ́lájọ náà bá wọn tò? Aláìnítìjú! Nígbà tó kàn án, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Rhoda, dárí jì mí. Iṣẹ́ èṣù ni."

Láti ọjọ́ tí Moríkẹ́ ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ ọkùnrin yìí rí. Ọjọ́ náà ló pè é.

"Kọ́lájọ, mo gbọ́. Dìde. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ode Mahin lókè ò tíì ṣí, sáré bá ìyàwó rẹ."

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ Kọ́lájọ, ó bu núdù kún un, ó gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.